Eyín Àtọwọ́dá fún Àwọn Àgbà: Ti Ìda àti Ti Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní àkókò yìí jẹ mọ́ àwọn òbí wa tí eyín wọn ti ká tán, tàbí tí ó ku ọ̀kan tàbí méjì tí ń mì lẹ́nu wọn.

Ìlú oníyán ni Èjìgbò. Oyè ọba ìlú náà pàápàá, Ògìyán, àwọn àgbà so ó mọ́ òrìṣà tí ó fẹ́ràn iyán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: iyán fúnra rẹ̀ kò béèrè eyín púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ẹran inú ọbẹ̀ ni ó ń béèrè eyín. Nígbà tí ìyá àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹran inú àwo rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ lójoojúmọ́, àwọn ará ilé a máa rò pé ìfẹ́ ọmọ ni. Ó lè jẹ́ ìfẹ́ ọmọ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé kò rí eyín tí yóò fi jẹ ẹ́. Bí ó bá fi ẹran, ẹja gbígbẹ àti èso sílẹ̀, tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀kọ àti àmàlà nìkan, ara rẹ̀ yóò máa rù díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ní dá ṣáká mọ́. Yóò máa fi ọwọ́ bo ẹnu bí ó bá ń rẹ́rìn-ín, nígbà tí ó bá sì yá, kò ní fẹ́ lọ sí òde ìnáwó mọ́.

Àwọn ọmọ irú àgbà bẹ́ẹ̀ kì í káwọ́ gbera. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ni ó wà ní Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, àwọn mìíràn wà ní Èkó àti ní ìlú òyìnbó, wọn a sì máa fi owó ránṣẹ́ sílé pé kí a ṣe eyín fún Ìyá tàbí Bàbá. Ní báyìí, ìbéèrè tuntun ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ti ń ṣe eyín, pé kì í pẹ́, pé kì í ṣẹ́, pé ó dára ju ti àtijọ́ lọ. Wọn a ní kí a dúró di ìgbà tí owó rẹ̀ yóò pé. Ìyá náà a sì máa dúró fún oṣù mẹ́fà, fún ọdún kan, fún ọdún méjì, láìsí eyín lẹ́nu. Ìdúró yìí ni ó mú kí a kọ àlàyé yìí, kí olúkúlùkù ìdílé lè mọ ohun tí ẹ̀rọ tuntun náà lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe.

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀ BÍ EYÍN BÁ KÁ TÁN

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe àkọsílẹ̀ ní ọdún 2022 pé láàárín àwọn tí ó ti pé ẹni 60 ọdún sókè ní gbogbo ayé, bí 23 nínú 100 ni kò ní eyín kankan lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe ọjọ́ ogbó ni ó ń yọ eyín, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Kòkòrò tí ń jẹ eyín àti àrùn erìgì ni. Ọjọ́ orí wulẹ̀ fún wọn ní àkókò láti ṣe iṣẹ́ ibi wọn ni.

Egungun tí eyín fìdí múlẹ̀ sí kì í dúró bí ó ti wà lẹ́yìn tí a bá ti yọ eyín kúrò. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í joro, bí ebè tí òjò ń wọ́ lọ. Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan àkọ́kọ́ ni ó máa ń yára jù, lẹ́yìn náà yóò máa lọ díẹ̀díẹ̀ títí ọjọ́ ayé ẹni. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1972, tí ó tẹ̀ lé àwọn tí ń lo eyín àtọwọ́dá fún ọdún 25, fi hàn pé egungun ìsàlẹ̀ ń joro tó bí ìlọ́po mẹ́rin ti òkè. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé eyín ìsàlẹ̀ ni gbogbo àgbà máa ń ráhùn lé lórí. Ti òkè ní àjà ẹnu tí ó fẹ̀, ó lè fà mọ́ ọn bí ewé tútù ti ń fà mọ́ ara àwo. Ti ìsàlẹ̀ kò ní ju ebè tóóró kan lọ, ahọ́n sì ń tì í láti inú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń tì í láti ìta.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìṣòro ebè tí ó ti joro jẹ́ ìṣòro kan náà, ì báà ṣe ìda ni a fi ṣe eyín náà, ì báà ṣe kọ̀ǹpútà. Bí a bá sì ti ń pẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ebè náà ń lọ sílẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń ṣòro sí i fún àgbà láti kọ́ bí a ti ń lo ohun tuntun lẹ́nu.

BÍ A TI Ń FI ÌDA ṢE É

Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ ayé àtijọ́ ṣe ń da ère idẹ, ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé e. Wọn kì í gbẹ́ idẹ. Ìda ni wọ́n fi ń ya ojú àti imú ère náà, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a fi iná yọ́ ìda náà jáde, wọn a sì da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn oníṣẹ́ eyín ń tọ̀ títí di òní. Ó sábà máa ń gba kí àgbà náà wá sí ilé ìwòsàn ní ìgbà márùn-ún, kí a tó ka ti àwọn àbẹ̀wò lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ìgbà kìíní, dókítà yóò yẹ ẹnu wò dáadáa, nítorí kùkùté eyín tàbí egbò lè wà tí a ní láti tọ́jú kí a tó ṣe ohunkóhun. Bí ó bá jẹ́ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín ni, ó lè ní kí a lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí erìgì jinná. Lẹ́yìn náà ni yóò wọn ẹnu. Yóò po èròjà kan tí ó rọ̀ bí ògì tí ó fẹ́ dì, yóò kó o sínú àwo kékeré tí ó tẹ̀ bí pátákò ẹṣin, yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ erìgì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí yóò fi dì. Inú rẹ̀ ni wọn yóò da ìyẹ̀fun funfun P.O.P. tí a pò mọ́ omi sí, irú èyí tí wọ́n fi ń de egungun tí ó bá ṣẹ́. Bí ó bá gbẹ, ó di ère ẹnu náà.

Wíwọ̀n kìíní kò tó. Lórí ère yẹn ni wọn yóò ti ṣe àwo tí ó jẹ́ ti ẹnu yìí nìkan, wọn yóò sì tún fi í wọn ẹnu lẹ́ẹ̀kejì. Ní àkókò yìí, dókítà yóò ní kí Ìyá na ahọ́n, kí ó fún ètè pọ̀, kí ó la ẹnu, kí ó gbé itọ́ mì. Àwọn ìdílé tí ó bá a wá a máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eré kọ́ ni. Etí eyín àtọwọ́dá gbọ́dọ̀ dúró ní ibi tí iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ahọ́n kò ní ti máa tì í. Bí ó bá gùn jù, yóò dá egbò sílẹ̀, yóò sì máa fò sókè ní gbogbo ìgbà tí a bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá kúrú jù, afẹ́fẹ́ yóò wọ abẹ́ rẹ̀, kò sì ní fà mọ́ erìgì.

Ìgbà kẹta ni ti ìda. Wọn yóò fi odi ìda ṣe àfidípò eyín lókè àti nísàlẹ̀, dókítà yóò sì wá ibi tí ẹnu yẹ kí ó pa dé sí. Nígbà tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́ tí kò jẹun tí kò sì sọ̀rọ̀, eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kì í kan ara wọn. Àlàfo milimítà 2 sí 4 a máa wà láàárín wọn. Bí a kò bá fi àlàfo yìí sílẹ̀, eyín yóò ga jù: ojú yóò fà, eyín yóò máa dún kọ́kọ́kọ́ bí a bá ń sọ̀rọ̀, àgbọ̀n yóò sì máa ro ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá kúrú jù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò wọnú, itọ́ yóò sì máa dúró ní igun ètè títí yóò fi di egbò. Lójú tiwa, ìgbà kẹta yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ọwọ́ àti ojú dókítà ni ó ń ṣe é.

Ní ìgbà kẹrin, a ó to eyín sórí ìda, a ó sì fi í sí ẹnu wò. A ó fún Ìyá ní dígí. Ó dára kí ọmọ rẹ̀ kan tàbí ẹni tí ó mọ ojú rẹ̀ nígbà tí ó ṣì ní eyín bá a lọ ní ọjọ́ náà, bí àwòrán àtijọ́ bá sì wà, ẹ mú un dání. Bí ó bá ní èjí nígbà èwe rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni kí ó sọ ọ́. Ìda kò tíì di ohun líle. Oníṣẹ́ lè sún eyín méjì kúrò lára ara wọn lójú rẹ̀ níbẹ̀. A ti rí àwọn àgbà tí wọ́n dákẹ́ ní ọjọ́ náà nítorí ìtìjú, tí wọ́n wá gbé eyín náà sínú àpótí nígbà tí wọ́n dé ilé nítorí pé ojú wọn kò jọ tiwọn mọ́.

Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, oníṣẹ́ yóò sin ìda àti eyín náà sínú P.O.P. nínú àpótí irin, yóò fi omi gbígbóná yọ́ ìda kúrò, yóò sì ki èròjà kan tí a ń pè ní akírílíìkì sínú àyè rẹ̀. Ìyẹ̀fun àti omi olóòórùn líle ni a pò pọ̀ di bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Wọn yóò sè é nínú omi gbígbóná fún wákàtí púpọ̀ títí yóò fi le. Láti nǹkan bí ọdún 1937 ni a ti ń lo èròjà yìí fún eyín. Rọ́bà líle ni wọ́n ń lò ṣáájú rẹ̀. Àbùkù kan tí ó ní ni pé bí ó bá ti ń le, ó ń sún kì, bí pákó tútù tí oòrùn ń pa. Díẹ̀ ni ó ń sún kì, ṣùgbọ́n erìgì mọ̀ ọ́n. Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ mọ bí a ti ń dín in kù: kò ní yára mú iná gbóná, kò sì ní tú àpótí náà kí ó tó tutù. Ẹni tí ó ń kánjú kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà karùn-ún ni a ó fi eyín náà sí ẹnu.

BÍ KỌ̀ǸPÚTÀ TI Ń ṢE É

Ọ̀nà yìí kò ti ojú ọ̀run já bọ́. Ní ọdún 1994 ni àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Japan ti tẹ àlàyé jáde lórí bí wọ́n ṣe fi kọ̀ǹpútà ṣe odindi eyín àtọwọ́dá. Ó tó nǹkan bí ọdún 2012 kí ó tó di ohun tí a ń tà fún àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀rọ ayàwòrán ni ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. A lè ti orí rẹ̀ bọ ẹnu, kí ó ya erìgì káàkiri. Ṣùgbọ́n ẹnu tí kò ní eyín ṣòro fún un: erìgì rọ̀, itọ́ ń dán lórí rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń rìn, kò sì sí eyín tí ẹ̀rọ lè fi ṣe àmì ọ̀nà. Nítorí náà ọ̀pọ̀ dókítà, pàápàá ní ilẹ̀ òkèèrè, ṣì ń fi ọwọ́ wọn ẹnu bí ti àtijọ́, wọn a sì wá ya àwòrán ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ibi tí ẹnu yẹ kí ó pa dé sí náà, dókítà ni ó ṣì ń wá a. Lẹ́yìn ìyẹn ni oníṣẹ́ yóò jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà, yóò to eyín sórí àwòrán dípò orí ìda.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó wà. Èkínní dà bí iṣẹ́ agbẹ́gilére. Ẹ̀rọ yóò mú odindi akírílíìkì tí ó ti le tẹ́lẹ̀, yóò sì gbẹ́ eyín náà jáde láti inú rẹ̀. Èkejì dà bí iṣẹ́ amọ̀kòkò tí ń fi amọ̀ lé orí amọ̀: ẹ̀rọ yóò máa fi ìmọ́lẹ̀ sọ omi èròjà kan di líle ní ìpele tín-ín-rín kan lórí èkejì, títí eyín náà yóò fi pé. Àwọn ènìyàn a máa pe méjèèjì ní eyín kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ohun kan náà, ẹ ó sì rí i pé ìyàtọ̀ wọn ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó fẹ́ náwó.

ÈWO NI Ó DÁRA JÙ NÍNÚ WỌN?

Èyí tí ẹ̀rọ gbẹ́ ní àǹfààní gidi. Ilé iṣẹ́ ti sè é pẹ̀lú ooru àti agbára ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ńlá kí a tó gbẹ́ ẹ. Pákó gbígbẹ ni, kì í ṣe pákó tútù. Kò ní sún kì mọ́. Nítorí náà a máa bá erìgì mu dáadáa, ti òkè a sì máa fà mọ́ àjà ẹnu ju ti ìda lọ nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò tí a ti ṣe. Ó le, kì í tètè ṣẹ́, omi olóòórùn tí ó ń ta àwọn kan lẹ́nu sì kéré gidigidi nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ìpele ìpele kò nípọn lágbára tó bẹ́ẹ̀. Owó èròjà rẹ̀ kéré, kì í fi èròjà ṣòfò, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́ ju èyí tí a gbẹ́ lọ, àtúnṣe rẹ̀ sì nira jù nítorí pé akírílíìkì tí ó wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ ìlú kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí a gbẹ́ ṣe é tún bí ti ìda.

Àǹfààní kan wà tí a rò pé ó kan àwọn ará Èjìgbò ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Àwòrán ẹnu náà wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí Bàbá bá gbàgbé eyín rẹ̀ sí ilé èrò nígbà tí ó ń bọ̀ láti Abidjan, a lè ṣe òmíràn láìtún wọn ẹnu rẹ̀, bí egungun rẹ̀ kò bá tíì yí padà púpọ̀. Bí ẹ bá ṣe irú eyín bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ibi tí àkọsílẹ̀ náà wà àti bí ẹ ó ṣe rí i gbà bí ilé ìwòsàn náà bá kógbá sílé.

Ìpààrọ̀ ìgbà tí a ó lọ síbẹ̀ náà ni a máa ń gbọ́: ìgbà méjì tàbí mẹ́ta dípò márùn-ún. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n yọ kúrò kí iye náà tó dín. Àwọn kan yọ ọjọ́ ìda àti dígí kúrò. Wọn a fi àwòrán orí kọ̀ǹpútà han àgbà náà, wọn a ní kí ó sọ bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá ìyá tí kò fojú kan kọ̀ǹpútà rí lè mọ ojú ara rẹ̀ nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tàbí bóyá ó lè gbọ́ bí "ṣ" yóò ti dún lẹ́nu rẹ̀. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ yóò ṣe eyín ìdánwò kan kí ó tó ṣe èyí tí a ó san owó lé lórí. A gbà yín níyànjú kí ẹ béèrè fún un.

Nísinsìnyí ẹ gbọ́ èyí tí a kì í gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń polówó ẹ̀rọ: nígbà tí àwọn olùwádìí bi àwọn tí ó lo irú méjèèjì léèrè bí wọ́n ti ń jẹun àti bí inú wọn ti dùn sí i tó, ìdáhùn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Ohun tí ẹ̀rọ yí padà ni bí a ti ń sọ ìwọ̀n di eyín. Kò yí wíwọ̀n padà, kò yí ibi tí ẹnu ń pa dé sí padà, kò sì gbé ebè tí ó ti lọ sílẹ̀ dìde. Ìwọ̀n tí kò tọ́, bí ẹ̀rọ olówó iyebíye bá gbẹ́ ẹ, yóò gbẹ́ àṣìṣe náà láìṣìnà rárá. Fún àgbà tí ebè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti pẹ̀lẹ́ tán, ohun tí ó lè yí ayé rẹ̀ padà kì í ṣe kọ̀ǹpútà, bí kò ṣe irin kékeré méjì tí a rì sínú egungun ìsàlẹ̀ láti di eyín náà mú. Láti ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ tí ó péjọ ní Montreal ti dábàá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tí kò ní eyín. Owó rẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ abẹ ni, ṣùgbọ́n bí owó ńlá bá wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

BÍ A BÁ Ń TI ÈJÌGBÒ LỌ

Ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà nítòsí ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà eyín. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín, irú èyí tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, ń fi ìda ṣe odindi eyín àtọwọ́dá, wọ́n sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Èkó àti Abuja ni a ti ń rí àwọn ilé ìwòsàn aládàáni tí ó ní ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ wọ̀nyí nílò iná mànàmáná tí kò ní lọ fún wákàtí púpọ̀. Bí iná bá kú láàárín iṣẹ́ èyí tí ń tẹ̀ ní ìpele, ohun tí ó ti tẹ̀ lè bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ìda lè ṣe é lórí sítóòfù gáàsì.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ìgbà márùn-ún lọ sí Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tí ń ro àgbà kì í ṣe ohun kékeré. Ìgbà mẹ́ta lọ sí Èkó kò sì fúyẹ́ jù ú lọ. Bí Ìyá bá ń lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Èkó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí owó sì wà nílẹ̀, kò sí ohun tí ó burú bí wọ́n bá ṣe èyí tí ẹ̀rọ ń gbẹ́ fún un níbẹ̀. Àbẹ̀wò lẹ́yìn rẹ̀ ni kí wọ́n má gbàgbé, nítorí egbò kì í bèèrè ẹni tí ó ṣe eyín. Bí ó bá jẹ́ pé Èjìgbò ni ó ń gbé, tí kò sì sí eyín kankan lẹ́nu rẹ̀ ní òní, èrò wa ni pé kí a ṣe ti ìda fún un lọ́wọ́ dókítà tí ó dáńgájíá, kí a má ṣe dúró. Ọ̀nà kẹta tún wà: dókítà ní ìtòsí lè fi ọwọ́ wọn ẹnu, kí a ya àwòrán ère P.O.P. náà, kí a sì fi í ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ. Ẹ lè béèrè bóyá dókítà yín ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó san owó, ẹ béèrè bóyá owó náà kó àwọn àbẹ̀wò lẹ́yìn tí eyín bá dé ẹnu mọ́ra. Bí wọ́n bá dárúkọ kọ̀ǹpútà, ẹ bèèrè pé: ṣé gbígbẹ́ ni tàbí títẹ̀? Ta ni yóò tún un ṣe bí ó bá ṣẹ́, níbo sì ni?

Ohun kan tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò dá ni ti àwọn tí ń kiri ọjà pẹ̀lú àpótí kékeré, tí wọ́n ní àwọn lè fi eyín sí ẹnu ní ìjókòó kan. Wọn a po èròjà tútù sórí erìgì gan-an, kí ó le níbẹ̀. Bí ó bá ti ń le, ó ń gbóná, ó sì ń jó ẹran ara. Wọn a so ó mọ́ eyín tí ó kù, kò ní ṣe é yọ fọ̀, oúnjẹ yóò rà sábẹ́ rẹ̀, eyín tí ó ṣì dára yóò sì bá a lọ. Ìgbìmọ̀ kan ní Nàìjíríà, Medical and Dental Council of Nigeria, ni ó ń forúkọ àwọn dókítà eyín sílẹ̀. Láti ọdún 1987 ni òfin sì ti dá ìgbìmọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ tí ń ṣe eyín. Kò sí ìtìjú nínú kí a béèrè ìwé ẹ̀rí.

LẸ́YÌN TÍ EYÍN BÁ TI DÉ ẸNU

Ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í dùn. Itọ́ yóò pọ̀, ọ̀rọ̀ yóò máa wúwo, ẹnu yóò dà bí ẹni pé ó kún. Ẹ fún un ní oúnjẹ rírọ̀ tí a gé kékeré, kí ó máa jẹ ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí eyín má bàa fì. Kí ó máa ka ìwé tàbí gbàdúrà sókè nínú yàrá rẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ni ahọ́n yóò fi kọ́ ọ. Ẹ má sì ṣe retí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Agbára tí àgbà fi ń fi irú eyín yìí jẹun kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún agbára eyín àbínibí lọ. Yóò jẹ ẹran tí ó sè dáadáa. Àgbàdo sísun àti egungun kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, bí kọ̀ǹpútà tilẹ̀ ni ó ṣe eyín náà.

Bí ó bá ń ta á níbì kan, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí Bàbá fi ọ̀bẹ tàbí òkúta há a fúnra rẹ̀; ohun tí ó dá lórí bí irun orí méjì ni ó fi ń ba odindi iṣẹ́ jẹ́. Kí wọ́n máa lo eyín náà fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó lọ rí dókítà, kí ojú ibi tí ó ń dùn wọ́n lè hàn.

Ní alẹ́, kí ó yọ ọ́ kúrò lẹ́nu. Erìgì nílò ìsinmi, olú tí ń fa ẹnu pípọ́n a sì máa gbilẹ̀ sábẹ́ eyín tí a kì í yọ. Ìwádìí kan tí a ṣe láàárín àwọn arúgbó ní Japan, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2015, fi hàn pé àwọn tí ń fi eyín àtọwọ́dá sùn ní ewu àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó ìlọ́po méjì ti àwọn tí ń yọ ọ́. Kí ó fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́. Ọṣẹ ìfọyín a máa há a lára, orín àti omi gbígbóná kò sì dára fún un: omi gbígbóná lè ká a kò. Kí ó máa fọ̀ ọ́ lórí abọ́ omi, nítorí pé bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ sórí símẹ́ńtì, ó lè là sí méjì. Lóru, kí ó wà nínú omi tútù. Kí ó fi aṣọ mímọ́ tí a rẹ sómi nu erìgì àti ahọ́n.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ó yẹ kí dókítà rí ẹnu náà, nítorí ebè ń joro lọ, eyín sì ń dúró bí ó ti wà. Bí ó bá ti ń fì, a lè fi èròjà tuntun tẹ́ abẹ́ rẹ̀ láìṣe òmíràn. Bí ó bá wá di dandan pé kí a ṣe òmíràn, ẹ mú eyín àtijọ́ náà dání lọ, bí ó tilẹ̀ ti ṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àpótí ni ó ti wà láti ọdún mẹ́wàá. Ìda lè ṣe àwòkọ rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà lè ṣe é, ó sì lè gba àgbà náà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìrìn.